Ẹ̀yìn Àwo

Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Royston Tranter kò ti lè jókòó. Ó lọ sójú fèrèsé, ó padà sídìí rédíò, ó tún lọ. Ọ̀sán yẹn ni wọn yóò ka àwọn orin tó ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí orin ẹgbẹ́ rẹ̀, Àkùkọ Fàdákà, kò bá sí níbẹ̀, ó di iléeṣẹ́ àgádágodo, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń bẹ ọ̀gá kó gbà á síṣẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ dá ilẹ̀ ilé mi lu ni?" Doreen ìyá rẹ̀ ń po tíì. "Bàtà gíga bí àkàbà, àtíkè yinrin-yinrin lójú! Aládùúgbò ní òun ò mọ̀ pé mo bímọbìnrin."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ń kà á."

Àkùkọ Fàdákà wọlé! Doreen kígbe. Ṣùgbọ́n bí orin náà ṣe dún, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Royston. Kì í ṣe orin ìfẹ́ tí òun fi gbogbo ìgbà òtútù kọ fún ojú àwo orin wọn ni. Ariwo tí Kelvin onílù pa ni, tí gbogbo wọn ń fẹsẹ̀ jan àtẹ̀gùn onígi, kí ẹ̀yìn àwo má baà ṣófo.

"Ohùn rẹ mà kẹ̀, ọmọ mi."

"Kelvin ni, Màmá."

"Ẹn-ẹ́n. Ó kúkú dùn."

Kò pẹ́ ni Kelvin fúnra rẹ̀ já wọlé, ó ń mí hẹlẹ. "O gbọ́? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ló ṣèèṣì yí àwo dà, làwọn èèyàn bá ní ẹ̀yìn yẹn làwọn fẹ́! Tẹlifíṣọ̀n ń pè wá ní Ọjọ́bọ̀."

"Ó dáa. Bọ́ síwájú, kọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Kí n gbọ̀n ṣubú? Wọn ò kúkú ní í jẹ́ kéèyàn kọrin níbẹ̀, àwo ni wọ́n ń fi sí i. Ìwọ ṣáà máa la ẹnu."

"Kí n máa la ẹnu sí ohùn ẹlòmíì?"

"Tàbí kó o lọ máa rẹ́ kọ́kọ́rọ́."

Royston rìn yí tábìlì ká, ó tún un yí. Níkẹyìn ó ní, "Kí lọ̀rọ̀ inú ẹ̀ gan-an?"

Kelvin họrí. "Mi ò mọ̀. Mo kàn ń pariwo ni."

Ni wọ́n bá fi àwo náà sí i. Royston dúró níwájú dígí ìyá rẹ̀, ó la ẹnu, ó ju irun sẹ́yìn. Ohùn Kelvin bá ẹnu rẹ̀ mu rẹ́gí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún.

"Tún un fi sí i," ló wí.