Títì Tí Wọ́n Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́ fún Òṣùwọ̀n

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara Òṣùwọ̀n kò balẹ̀ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ni kó máa yẹ títì wò, kó sì fún un ní máàkì: mẹ́wàá fún èyí tó ń dán, òdo fún èyí tó ti kú pátápátá. Títì tó bá gba mẹ́ta wá sílẹ̀ ni wọn yóò tún ṣe lọ́dún yìí. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, ó di ọdún márùn-ún. Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n sì máa pa ìwé dé.

Títì kan ṣoṣo ló kù, òun gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá Télọ̀, ń gbé pẹ̀lú ọkọ tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé bàbá náà lọ sí ọsibítù, nínú kòtò tó jẹ́ pé bí màlúù bá jìn sí i, ọmọọmọ rẹ̀ ni yóò gòkè wá.

Àfi bó ṣe débẹ̀ tí kò rí kòtò kankan! Títì tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?"

"Àbúrò, ṣé ká jẹ́ kí ará ọ́fíìsì bá wa nínú ìdọ̀tí ni? Látàná la ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò, kójú má baà tì ẹ́."

"Ẹ mà pa ara yín o! Ohun tójú mi bá rí ni mo gbọ́dọ̀ kọ. Méje lẹ gbà yìí!"

Ìyá Télọ̀ káwọ́ lérí. "Méje! Ọkọ mi ò lè fara da ọdún márùn-ún o! Ẹ mú ṣọ́bìrì wá!"

Ariwo ta, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í hú iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú kòtò. Eruku bo ojú ọ̀run débi pé àwọn adìẹ rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n wọlé lọ sùn. Òṣùwọ̀n ń wo aago, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán lẹ́sẹ̀. Kòtò mẹ́sàn-án ti jáde nígbà tó rí kápẹ́ńtà kan tó ń gbẹ́ ibi tí ọ̀dà ṣì wà digbí.

"Ẹ̀yin bọ̀dá, èyí ò sí tẹ́lẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ó ṣe ènì."

"Mi ò gba ènì! Ẹ dí i padà!"

Mẹ́sàn-án péré ló wọ̀n. Ó ṣírò, ó tún un ṣírò. Máàkì mẹ́ta.

"Ṣé ó tó?"

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi, bíńtín ló kù kó má tó!"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó fò sórí alùpùpù. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó títí akọ̀wé fi lu òǹtẹ̀ lé orúkọ títì náà: Lọ́dún yìí.