Ọkọ̀ Tí Kò Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá

Ẹni tó bá ní kò sí ohun tó le ju kí èèyàn kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná lókè òkun lọ, kò tíì gbìyànjú láti sọ fún ará Valparaíso, ìlú èbúté létí òkun, pé kó rìn dé orígun òpópó kó tó wọkọ̀. Eleuterio Cárcamo gbìyànjú méjèèjì. Ó kọ́ iṣẹ́ iná yege láàárín àwọn ará Jámánì, nínú òtútù, pẹ̀lú ọ̀dùnkún láàárọ̀ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ òpópó yìí ló kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú irin tí ẹṣin ń fà ló dàgbà sí. Nígbà tí ogun kó àwọn ọkùnrin lọ sí àríwá, àwọn obìnrin ló gba báàgì owó ọkọ̀ kọ́rùn, nígbà tí ogun sì parí, wọn ò dá a padà fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹ̀, Doña Clorinda, wà lára wọn, pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù funfun, fìlà koríko, àti ohùn tó ń dé èbúté láti orí òkè. Don Nicanor, bàbá kan ládùúgbò, ń wa ẹṣin níwájú, Doña Clorinda ń lu agogo lẹ́yìn. Agogo kan, dúró. Agogo méjì, máa lọ. Kò sí ẹni tó ń bá agogo méjì Doña Clorinda jiyàn, àtẹṣin àtèèyàn.

Láyé ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà oníkálukú ni ibùdókọ̀ ẹ̀. O nawọ́, ọkọ̀ dúró, ó tán. Bí o kò tiẹ̀ lọ ibì kankan, Don Nicanor á dúró, á ṣí fìlà, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyàwó ẹ, nítorí ọmọlúàbí kì í kọjá lára èèyàn bí ẹni tí kò rí i. Ní ti ilé Doña Clorinda, àwọn ẹṣin fúnra wọn ló ń dúró síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Eleuterio wá dé pẹ̀lú wáyà, ó ní ayé ẹṣin ti lọ.

"Ọkọ̀ iná yàtọ̀," ló ń sọ kiri àdúgbò. "Tó bá dúró, dídúró ò jẹ iná. Gbígbéra ló ń mu ún bí ẹni tó ti aginjù dé. Tó bá ń gbéra lẹ́nu ọ̀nà gbogbo èèyàn, ẹ̀rọ á jóná."

Ó ri òpó aláwọ̀ ewé mọ́ àwọn orígun, níbẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ á ti máa dúró. Kò ri ìkankan síwájú ilé ìyá ẹ̀, kí ayé má baà pè é ní ojúsàájú. Iwájú ilé oníbúrẹ́dì, díẹ̀ sí i níwájú, ni ti àdúgbò wọn wà.

"Ẹṣin tí kò lọ iléèwé mọ ilé mi," ni Doña Clorinda wí, bó ṣe ń ro ọbẹ̀ lórí iná. "Ọ̀gbẹ́ni ẹnjiníà tí mo fún lọ́mú ò mọ̀ ọ́n."

"Màmá, ẹ̀ẹ́ rìn díẹ̀ náà ni."

"Èmi kì í lọ bá ọkọ̀. Ọkọ̀ ló ń wá bá mi. Lọ́jọ́ tí tìẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ni n óò wọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Eleuterio dé egungun. Òjò tó ń pa obìnrin yìí lẹ́yìn ọkọ̀ ẹṣin ló jẹ́ kó fẹ́ ṣe ọkọ̀ tó dára ju ti ẹṣin lọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Don Hermógenes, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, wọ ọkọ̀ iná náà pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀. Don Nicanor wọ aṣọ tuntun, ó di irin ìwakọ̀ mú. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn igbẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ nawọ́, Don Nicanor dúró. Ẹlòmíì tún nawọ́, ó tún dúró. Kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù olóògùn, èéfín ti ń jáde lábẹ́ ìjókòó àwọn ìgbìmọ̀. Ẹṣin ni wọ́n fi fa ọkọ̀ iná wálé, gbogbo òpópó ń rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀kan sí i," ni Don Hermógenes wí. "Tí ẹṣin bá tún fà yín wálé, ẹṣin la ó máa lò lọ, ìwọ á sì wá iṣẹ́ míì."

Eleuterio fa Don Nicanor sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, mo bẹ̀ yín, kí ló dé?"

"Wọ́n kí mi."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn. Ṣé kí n wá kọjá lára opó ẹlẹ́ja bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni? Ọwọ́ mi méjèèjì ń bẹ lórí irin rẹ. Tí mi ò bá dúró, kí ni n óò fi ṣí fìlà?"

Eleuterio wo ọwọ́ bàbá, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ó ti ṣírò iná tó ń gbé ọkọ̀, kò ṣírò ìkíni.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, bàbá? Ṣé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó ra agogo idẹ ńlá kan lára ọkọ̀ ojú omi àlòkù, ó dè é mọ́ abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń dúró, kó lè máa fi ẹsẹ̀ lù ú. "Fìlà yín rèé," ló wí. "Ẹni tó bá nawọ́, ẹ lù ú fún un, kẹ́ ẹ máa lọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ̀ gbéra, Eleuterio dúró ti Don Nicanor níwájú. Ẹni àkọ́kọ́ nawọ́. Agogo dún sí i. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ wò sùn-ùn, lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà tiẹ̀, orí ẹ̀ sì wú. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò ní ibì kankan í lọ fi ń sáré jáde wá nawọ́, kí agogo lè kí àwọn náà. Don Hermógenes pàápàá ti ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yọ sí ilé Doña Clorinda. Ó dúró síta pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù funfun àti fìlà koríko ìgbà iṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ wà lókè. Gbogbo aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Tí ọkọ̀ bá dúró fún ìyá ẹnjiníà, ta ni kò ní ní kó dúró fún òun?

Ọwọ́ Don Nicanor ti lọ síbi bíréèkì fúnra ẹ̀.

"Ìyá ẹ ni," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo rí wọn."

Eleuterio sún mọ́ agogo. Ó na ẹsẹ̀, ó lu agogo lẹ́ẹ̀mejì.

Ọwọ́ Doña Clorinda wálẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ Don Nicanor kúrò lára bíréèkì. Ọkọ̀ kọjá, Eleuterio ò sì lè wẹ̀yìn.

Nídìí òpó oníbúrẹ́dì, wọ́n dúró. Àwọn èrò wọlé tán, Eleuterio ò ní kí wọ́n gbéra.

"Kí la tún ń dúró dè?" ni Don Hermógenes béèrè.

"Dídúró ò jẹ iná, ọ̀gá."

Doña Clorinda dé nígbà tó yá, ó ká yẹ̀rì sókè, fìlà ẹ̀ ti wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó di irin ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mú, ó wo ọmọ ẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ láti lu agogo méjì fún mi?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ó gbìyànjú láti bínú, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó wọlé, ó ta ejìká sí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú. "Ẹ sún wọnú, ẹ̀yin ọ̀gá. Àyè ṣì wà lẹ́yìn."

Wọ́n dé òpin ojú irin láìpe ẹṣin kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, Eleuterio ta wáyà sójú òpópó ní ọ̀pọ̀ ìlú létí òkun, títí irun ẹ̀ fi funfun. Ibi tó bá dé, agogo ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń béèrè, kó tó béèrè wáyà.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Doña Clorinda dúró lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tó máa ń dúró sí nígbà ẹṣin. Ó rí ilé ara ẹ̀ tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu níbi tó ti sáré jáde. Ó nawọ́ sí i. Níwájú, Eleuterio rí ọwọ́ náà. Ó lu agogo kí ilé, wọ́n sì kọjá.