Imú Táǹkì Bàbá

Ariwo kan wà tí ọkàn ń mọ̀ kí etí tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ ládùúgbò náà lákòókò yẹn. Oorun ni gbogbo wọn ń wá.

Bí alẹ́ bá ti lẹ́ dáadáa, tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúwo, nǹkan kan a dún gbòò! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fèrèsé a gbọ̀n, ajá a dáhùn, ọmọ ọwọ́ a figbe ta. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ a pa lọ́lọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òmíràn a tún dún, ohùn rẹ̀ a sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, bí ìgbà tí ẹni tó kánjú wọlé bá tún kánjú jáde. Ẹni tó wà lókè òpópó a ní ìsàlẹ̀ ló ti wá. Ẹni ìsàlẹ̀ a búra pé òkè ni. Àwọn ilé náà ga, wọ́n sì fún mọ́ra. Ògiri kan a gba ìró náà, a jù ú fún òmíràn.

Àlàyé kò wọ́n. Sájẹ́ǹtì, ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Nọ́ọ̀sì, ní ìbọn ni. Wọ́n bi í pé irú ìbọn wo ni wọ́n ń yìn lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, tí wọn kì í tún yìn títí di ìdájí. Ó ronú díẹ̀.

"Ìbọn onísùúrù ni."

Obìnrin kan ní sìlíńdà gáàsì ló ń bú níbì kan. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀ ló fẹ́ là. Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n yán, wọ́n lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sùn ní gbogbo òpópó: ìyá Nọ́ọ̀sì. Láàárọ̀, nígbà tí ojú àwọn aládùúgbò bá pọ́n bí iná, Ìyá a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara rẹ̀ a tutù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé.

"Ìyá, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ lánàá ni?" Sájẹ́ǹtì bi í láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

"Kí ni?"

"Ariwo tó fẹ́ pa wá!"

"Sájẹ́ǹtì, ẹni tó bá bá alágbẹ̀dẹ gbé títí orí fi funfun, kí lẹ rò pé ó kù tó lè jí i? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sógun lẹ ń bẹ̀rù ariwo. Èmi tí mo lọ sílé ọkọ, mo ń sùn."

Òótọ́ ni ó sọ. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Táǹkì, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkan táǹkì omi onírin. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì dàgbà sí, láàárín òórùn irin jíjó àti iná wẹ́wẹ́ tó ń ta bí ìràwọ̀ ọ̀sán. Bàbá a gbé páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé orí igi méjì, a fi orúnkún tẹ àárín rẹ̀. Gbòò! irin a rì sínú. A gbé orúnkún kúrò. Gbòò! irin a padà sípò. Bí ọmọbìnrin kékeré náà bá fọwọ́ di etí, Bàbá a rẹ́rìn-ín.

"Ariwo kọ́ o, Dókítà mi. Èémí ló ń mí. Wá fetí sí àyà rẹ̀."

Ọmọ náà a gbé etí lé irin tí oòrùn ti yá, a sì gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn lọ́nà jíjìn réré. Nígbà tó yá, dókítà náà di nọ́ọ̀sì, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí èémí ń ni lára. Bàbá kò ṣàròyé. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, ohun tó jáde gbọ́dọ̀ rí arọ́pò.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ariwo àkọ́kọ́ dún, ìbẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ dé bá Nọ́ọ̀sì. Òórùn ṣọ́ọ̀bù ló kún yàrá. Ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò tí iná ti lu jára yóò gba ibẹ̀ wọlé wá béèrè omi mímu. Kò sí ẹni tó wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ti di ibi ìkẹ́rùsí. Òòlù ti dípẹtà.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá tó ṣì wúlò fún ènìyàn: táǹkì ńlá orí òpó ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópó, tí gbogbo ilé ibẹ̀ ń fa omi láti inú rẹ̀. Àwọn yòókù, àwọn onílé ti fi táǹkì ike rọ́pò wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí ikú Bàbá pé, kò tíì pẹ́, Nọ́ọ̀sì bẹ akunlé kan lọ́wẹ̀ láti kun èyí tó kù yìí láti orí dé ẹsẹ̀, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́. Àwọ̀ ewé ló kùn ún. Ìyá fúnra rẹ̀ gbé àga síbẹ̀, ó ń pàṣẹ fún akunlé náà títí iṣẹ́ fi parí. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tán tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó so méjèèjì pọ̀.

Sájẹ́ǹtì ló tú àṣírí náà láìmọ̀ọ́mọ̀. Ó jáde ní ìdájí ọjọ́ kan láti lọ mú ayìnbọn. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, ó sì rí i pé ikùn táǹkì ti rì sínú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò ní eyín. Bí ó ti ń wò ó lọ́wọ́, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òpópó tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè. Kò pẹ́, ikùn náà yọ padà síta. Gbòò! Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ogun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn onílé pé sí pálọ̀ alága wọn.

"A ti rí ìbọn onísùúrù," Alága wí, ó wo Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì wo àjà. "Táǹkì ni. Irin ti gbó, ó fẹ́ bẹ́. Mo dá a lábàá pé kí wẹ́dà wá fi iná gé e lulẹ̀ ní Sátidé, kí a gbé oníke síbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, irin yẹn kò gbó. Bàbá mi—"

"Àbúrò mi, a mọ bàbá rẹ. Èyí tó kàn fún ilé tèmi, títí mo fi tà á, kò jò rí. Ṣùgbọ́n bí èyí bá wó lu ọmọ ẹnì kan, ṣé ìrántí la ó fi tu ìyá rẹ̀ nínú?"

Ọ̀rọ̀ náà tọ́, Nọ́ọ̀sì sì mọ̀ pé ó tọ́. Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà kò lè bàjẹ́. Àmọ́ ìbẹ̀rù àwọn ará òpópó, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti bàjẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ibẹ̀.

"Ohun tó gbó máa ń jò, èyí kò jò. Ohun tó fẹ́ bẹ́ kì í padà sípò; èyí ń padà ní ìdájí gbogbo. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wa, a kì í gé e lẹ́sẹ̀ kí a tó bi í léèrè ohun tó ń dùn ún."

"Ta ló fẹ́ gòkè lọ bi í?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Èmi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Alága kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ní Sátidé náà, kí wẹ́dà tó fi iná kàn án, wàá gòkè. Bí o bá rí ohun tó ń ṣe é, tó sì ṣe é tún ṣe, yóò dúró. Bí o kò bá rí i, má bínú sí wa o."

"N kò ní í bínú," ó wí.

Nígbà tó délé, Ìyá ń lẹ aṣọ lẹ́bàá fèrèsé.

"Ìyá, bí Bàbá bá kan táǹkì tán, kí ló máa ń ṣe gbẹ̀yìn?"

"Á béèrè oúnjẹ."

"Ìyá, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ebi ò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn gbádùn." Ó fa òwú abẹ́rẹ́. "Á lu ihò sórí rẹ̀, á fi páìpù ṣe imú fún un. 'Ohun tó bá ní ikùn gbọ́dọ̀ ní imú.' Ó wí i títí ó fi sú mi. Mo ní imú wo? Imú tí eruku ń gbà wọ inú omi tí à ń mu? Mo ní kó dí i. Ó ní bí wọ́n bá dí i, táǹkì á bínú. Mo ní kí wọ́n fi àwọ̀n bò ó nígbà náà, ó ní ta ló ń fi àwọ̀n bo imú? Ọmọ mi, a jà lórí imú yẹn ju bí a ti jà lórí àwọn àna lọ!"

Abẹ́rẹ́ náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí orí táǹkì aláwọ̀ ewé ti yọ lókè òrùlé.

"Ilẹ̀ ti ń ṣú," ó wí, ó sì ká aṣọ náà.

Nọ́ọ̀sì ń gbìyànjú láti rántí bóyá òun ti fojú kan imú náà láti ìgbà tí akunlé ti lọ.

Ní Sátidé, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, wọ́n sì ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi ilé sílẹ̀ kí táǹkì lè gbẹ kí wọ́n tó gé e. Kò tíì fà dé ìdajì tí ikùn rẹ̀ fi rì pẹ̀lú ariwo, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ènìyàn sì sún sẹ́yìn. Wẹ́dà gbé àkàbà ti òpó, ó dì í mú.

"Àǹtí, ẹ rọra o. Bí ẹ bá já lulẹ̀, èmi ni mo máa gbá yín mú, ìyàwó mi ò sì ní í gbọ́ àlàyé."

Nọ́ọ̀sì gòkè. Lórí táǹkì, imú náà wà níbẹ̀, páìpù kékeré tó tẹ̀ kọdọrọ, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti bo ojú ihò rẹ̀ dan-in dan-in. Ó fi ọ̀bẹ ha á. Lábẹ́ ọ̀dà, aṣọ ni. Aró ni ilẹ̀ rẹ̀, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Aṣọ tí Ìyá fi ń pọ̀n ọ́n nìyẹn, nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Etí rẹ̀ a wà lẹ́yìn ìyá, a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú egungun bó ti ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí eruku.

Ó wo ìsàlẹ̀. Ìyá ti gbé àga rẹ̀ dé, ó jókòó sábẹ́ igi, kò gbójú sókè. Bí òun bá fa aṣọ yìí jáde, gbogbo òpópó tí kò sùn yóò mọ ẹni tó gba oorun lójú wọn. Bí òun kò bá fà á, iná wẹ́dà ti wà nílẹ̀.

Ó fà á.

Táǹkì náà mí. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ fúùùù, ó gùn títí, bí ẹni tó ti di èémí mú láti ọjọ́ yìí wá. Lẹ́yìn náà, gbòò! ikùn padà sípò. Nígbà tí ìró náà rọlẹ̀, Sájẹ́ǹtì ti dojú délẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde, sà," wẹ́dà wí. "Ogun ti parí."

Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ó fi aṣọ náà há abíyá.

"Imú rẹ̀ ló dí," ó wí fún Alága. "Lálẹ́, bí a bá pa ẹ̀rọ, tí a ṣì ń fa omi wẹ̀, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé rọ́pò omi, ni ikùn ṣe ń rì. Bí ẹ̀rọ bá da omi sí i ní ìdájí, ikùn a tún yọ. Irin náà le koko."

"Kí ló dí i?"

"Aṣọ ni."

"Aṣọ ta ni?"

Nọ́ọ̀sì tún fún aṣọ náà mọ́ abíyá.

"Tèmi ni," ni ohùn kan wí láti abẹ́ igi. "Ẹ bá mi gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó ká a."

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Ìyá kò dìde.

"Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, n kò borí rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ imú yìí. Nígbà tó kú, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi ni mo jàre. Mo fún akunlé láṣọ pé kó fi dí i, kó sì kùn ún pa. Ẹ wá wò ó: ọkùnrin tó ti kú ṣì ń fún mi lésì! Ẹ má bínú, gbogbo ilé. Ìjà tọkọtaya ni ẹ ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí."

Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó táǹkì mú. Wẹ́dà palẹ̀ iná rẹ̀ mọ́. Kí ó tó lọ, ó fi àwọ̀n tín-ínrín bo imú náà, kí èémí lè wọlé kí eruku má wọlé. Ìyá ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìjẹta. Agídí méjì ló fẹ́ra.

Bí wọ́n ti ń rìn lọ sílé, Nọ́ọ̀sì gba àga lọ́wọ́ Ìyá.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé táǹkì ni?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ìyá rìn díẹ̀ sí i. "Bí mo bá sọ, wọ́n á mú un dákẹ́."

"Bí wọ́n bá wá gé e ńkọ́?"

"Kí lo rò pé mo gbé àga lọ síbẹ̀ fún? Ká ní o kò rí i, ǹ bá sọ fún wọn."

Láti ọjọ́ yẹn ni òpópó ti ń sùn. Ojú Sájẹ́ǹtì mọ́ kedere. Ìyá nìkan ni ojú rẹ̀ pọ́n. A jáde láàárọ̀, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa yán.

"Ilé ti dákẹ́ jù," ó wí lọ́jọ́ kẹta.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Ìyá ti wọ yàrá, Nọ́ọ̀sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó fa páànù kan jáde láàárín ẹrù, ó nu eruku rẹ̀, ó gbé e lé orí igi méjì lẹ́yìn fèrèsé ìyá rẹ̀. Ó ká aṣọ ìró rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún tẹ àárín irin náà.

Gbòò!

"Ta nìyẹn?" Ìyá kígbe. Lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Rọra o! Àwọn ará òpópó!"

"Ìbọn!" ohùn Sájẹ́ǹtì wí láti òdìkejì.

"Ẹ lọ sùn, Sájẹ́ǹtì!" Ìyá fèsì. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Tún un ṣe, ọmọ mi. Lẹ́ẹ̀kan sí i péré."

Nọ́ọ̀sì tún un ṣe. Irin rì, irin padà. Ó gbé etí lé e, ó sì gbọ́ ìkùn jíjìn réré náà, bí ó ti ń gbọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, tó fẹ́ béèrè bóyá kí òun tún tẹ̀ ẹ́, Ìyá ti ń hanrun.