Ẹ Má Pa Léonce Rẹ́

Ìyá ọkọ mi kórìíra ààrá. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú díẹ̀ lókè Pobè, kí òjò fúnra rẹ̀ tó pinnu pé òun máa rọ̀, Ìyá á ti fi aṣọ bo dígí, wọ́n á sì yọ gbogbo ohun tó ń jẹ kúráǹ kúrò lára ògiri: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, títí kan ẹ̀rọ ìlọṣọ tó ti bàjẹ́ tipẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Issaba tí wọ́n ti bí wọn nìyẹn. Mo ti bá wọn gbélé pẹ́, ó ti mọ́ mi lára. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ kí Yannick wá tún kọ̀ǹpútà Léonce ṣe, ọjọ́ tí oòrùn ń ràn ganrínganrín ni mo ní kó wá.

Léonce ni ọkọ mi. Ó lọ wáṣẹ́ ní Libreville, ó sì fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí sílẹ̀ sí yàrá àlejò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń pè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá ó di oṣooṣù, lẹ́yìn náà nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé mọ́. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ ìyàwó míì lọ́hùn-ún. Àwọn míì kì í sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò tí mo bá kọjá, àwọn wọ̀nyẹn ni mo sì kórìíra jù. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èmi ni mo ń dá sùn.

Ó ní fídíò kan tó ká ní ọjọ́ tí Océane ọmọ wa kọ́kọ́ rìn. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló kù sí. Láti ọjọ́ tó ti lọ, mi ò wò ó rí. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n wò ó lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀rù. Nígbà tí mo wá múra tán láti wò ó, kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí n má purọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kó pè mí ní Àṣàbí. Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Ìyá Océane. Òun nìkan ló ń pe Àṣàbí.

Yannick àti Léonce ló jọ kọ́ṣẹ́, Yannick sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sakété. Ó ní sísítẹ́ẹ̀mù rẹ̀ ló bàjẹ́, ìyẹn ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, àfi ká pa ti àtijọ́ rẹ́ ká fi tuntun sí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn yọ díìsìkì tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, kó kó fídíò mi jáde. Ó ní díìsìkì náà ti gbó jù, okùn tí òun ní kò bá a mu. Ṣùgbọ́n ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé Léonce ti pín in sí méjì, apá tí àwọn nǹkan tirẹ̀ wà kò ní kàn nínú iṣẹ́ náà.

Ó ki kílé kékeré kan tí sísítẹ́ẹ̀mù tuntun wà nínú rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní yóò pẹ́, ká jẹ́ kó máa dá ṣe é. Mo bu ẹ̀kọ àti ẹja díndín fún un ní àgbàlá, torí pé Yannick kì í ṣiṣẹ́ tí ikùn bá ṣófo, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ikùn náà kì í kún. Nígbà tá a padà wọlé, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú. Ó tàn án padà, ó kà fún mi pé iṣẹ́ náà kò parí, ká tún un bẹ̀rẹ̀.

A tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún kú. Yannick yọ mẹ́mórì rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò ha ojú irin rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó kú. Ó lọ sí Sakété, ó mú kílé míì wá lọ́jọ́ kejì. Ó kú. Ó pààrọ̀ àpótí tó ń gba kúráǹ sínú rẹ̀. Ìyẹn náà kú. Kò sí ààrá, príìsì, ìyẹn orí okùn kúráǹ rẹ̀, sì wà lára ògiri bá a ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá díìsìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tó ń jẹ egungun. Yannick ní tó bá tún fi lè kú lójijì bẹ́ẹ̀, ká gbàgbé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó jáde lọ jẹun. Èmi ò lè jẹun. Mo padà wọlé wẹ́rẹ́ láti lọ wò ó, mo sì bá Ìyá ní ìdí ògiri. Ọwọ́ wọn ti wà lára príìsì.

Inú bí mi gan-an. Ká ní ìyá tó bí mi ni, ǹ bá ti pariwo kí Pobè gbọ́. Ìyá ọkọ ni, mo kúnlẹ̀, mo sì bínú lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé àwọn ló ń yọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Wọn ò sẹ́. Wọ́n ní àwọn ni. Bó bá ti kú, àwọn á tún kì í bọ ògiri padà.

Yannick ti wọlé nígbà yẹn. Òun ni Ìyá kọjú sí.

“Mo gbọ́ ọ nígbà tó o ń sọ ọ́ nínú fóònù rẹ pé ẹ máa efasé é. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ efasé. Ẹnu ọ̀nà ẹkọ́lù tí àwọn ọmọ ti ń kàwé ni mo ti ta ẹ̀kọ títí eyín mi fi ká. Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọ efasé tábúlò, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ibí yìí nìkan ni ọmọ mi kù sí. Ẹ má pa á rẹ́.”

Mo wá rí i pé ohun kan náà là ń dáàbò bò, àwa méjèèjì, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á láàárín ara wa. Mo sọ fún wọn pé yíyọ tí wọ́n ń yọ ọ́ gan-an ló ń ba díìsìkì jẹ́. Yannick fi ilé ṣàlàyé fún wọn: pálọ̀ nìkan la fẹ́ gbá, yàrá tí ẹrù Léonce wà, a ò ní ṣílẹ̀kùn rẹ̀.

“Ìwọ ti wo inú yàrá náà?” Ìyá bi í.

Yannick wò mí, ó wolẹ̀. Ó ní rárá, kò sí bí òun ṣe lè wò ó àfi tí pálọ̀ bá ti dúró. Ìyá fa àpótí ìjókòó sí ìdí ògiri, wọ́n jókòó, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti príìsì náà mọ́lẹ̀.

“Ẹ máa ṣe é,” ni wọ́n wí.

Iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì tí ojú ọ̀run fi yí padà láti apá Ahoyéyé. Ààrá sán, páànù òrùlé mì. Mo sáré bo dígí, mo yọ fíríìjì, mo yọ tẹlifíṣọ̀n, mo wá yíjú sí Ìyá. Wọ́n di ojú pinpin, ètè wọn ń mì, omi ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń bẹ àwọn tí wọ́n ń bẹ. Èmi tí mo máa ń fi aṣọ funfun rìn lẹ́sẹ̀ lásán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ń bẹ tèmi.

Ó parí. Yannick ṣí apá kejì, kò sí ohun tó sọ nù. Ó wá fídíò náà kàn, ó sì fi sí i.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí, mo ró aṣọ àdìrẹ, mo na ọwọ́. Océane ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ wá bá mi. Ẹ̀rín Léonce dún lẹ́yìn, ó sì ké sí ẹ̀yìnkùlé pé: “Ìyá, ẹ jáde wá wò ó!”

“Mò ń bọ̀, Léonce,” ni Ìyá dáhùn lórí àpótí.

Ìyá ti inú fídíò sáré wọ inú àwòrán náà pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Ọmọ ṣubú, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ó tán. Mo ní kí Yannick tún un fi sí i. Mo tẹ́tí títí dé òpin, kò sí Àṣàbí níbẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

“Kò pè mí, Ìyá.”

“Kí ló fẹ́ pè ọ́ ṣe?” ni wọ́n wí. “Èmi tí kò rí ló pè. Ìwọ, kò gbójú kúrò lára rẹ.”

Yannick tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ara mi ni mo wò.