Bí Èmi-ni Ṣe Rìnrìn Àjò Lórí Àga Rẹ̀

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì yẹn, tí ẹ béèrè ẹni tó lè tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe, ohùn kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: "Èmi ni." Kì í ṣe pé àwọn yòókù ò lẹ́nu o. Kí wọ́n tó la ẹnu ọ̀hún ni ọkùnrin náà á ti dáhùn, á ti fa àga mọ́ ìdí, ìka rẹ̀ á sì ti máa sáré lórí kọ̀ǹpútà bí adìẹ tó rí àgbàdo. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Èmi-ni nìyẹn. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ló máa ń fi pè é tí inú bá ń bí i.

Áàpù kan ni wọ́n ń ṣe, èyí tí àwọn òbí fi ń mọ ibi tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ọmọ wọn dé. Bọ́ọ̀sì ń rìn lójú títì, àmì pupa kékeré kan ń rìn lórí fóònù, ọkàn ìyá balẹ̀. Èmi-ni ló kọ ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà, òun nìkan ló sì mọ̀nà ibẹ̀. Àwọn tó kù ń yẹra fún ibẹ̀ bí ẹni ń yẹra fún ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Láràárọ̀, gbogbo wọn á dúró yí tábìlì ká fún ìpàdé. Ìdúró ni wọ́n ń ṣe é, torí wọ́n ní ẹni tó bá wà lórí ìdúró kì í sọ̀rọ̀ gùn. Irọ́ gbuu! Wọ́n á dúró títí, ẹnì kan á fara ti ògiri, ẹnì kan á fi èjìká ẹlòmíì ṣe ìrọ̀rí, síbẹ̀ òótọ́ ò ní jáde. Jẹ́jẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jókòó ti Èmi-ni, á ní, "Kò sí wàhálà." Atọpinpin, ọmọbìnrin tó ń wá àṣìṣe inú iṣẹ́ kí aráyé tó rí i, á wo ojú Èmi-ni, á gbé ọ̀rọ̀ mì, á ní, "Kò sí wàhálà." Wàhálà sì jókòó sáàárín wọn, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan ò yé òun.

Nígbà tó yá ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá, obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹni tó ti rẹ ọmọ méjì tó ń ké lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́kún kò tún bẹ̀rù kọ̀ǹpútà mọ́. Ó kọ́kọ́ bá wọn dúró nínú ìpàdé láìsọ nǹkan kan, ó kàn ń wò wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, ó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ẹ̀dà tuntun áàpù wa máa jáde. Ta ló máa gbé e jáde?"

"Èmi ni."

"Ṣé kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì yìí ni eré ọmọ rẹ nílé-ìwé?"

Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ Èmi-ni lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ṣe Òṣùpá nínú eré náà. Lọ́dún tó kọjá, Òdòdó lọmọ náà ṣe, Èmi-ni ò sí níbẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ó ṣe Ẹja, abẹ́ tábìlì ọ́fíìsì ni bàbá rẹ̀ wà, ó ń fa wáyà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà ò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí, bàbá sì ń gbọ́: "Mọ́mì, ẹ má gba àga sílẹ̀ fún Dádì. Wọn ò ní wá." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Èmi-ni wọra.

"Mo lè ṣe méjèèjì, ọ̀gá," ló sọ, àmọ́ kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú.

"O ò ní rí ìkankan ṣe dáadáa," ni Ìyá Ìbejì dá a lóhùn. "Tó o bá lọ, iṣẹ́ á dúró. Tó o bá dúró, ọmọ á sunkún. Àwọn ẹni ẹlẹ́ni wọ̀nyí sì ń wò bí ère. Gbọ́, láti ìsinsìnyí lọ, o ti rìnrìn àjò."

"Lọ síbo, mà?"

"Lórí àga rẹ. O wà níbí, àmọ́ o ò sí níbí. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, dáhùn. Bí wọn ò bá bi ọ́, gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Eré ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Jẹ́jẹ́ dé ìdí àga, ó tẹrí ba: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ọ̀nà dáa?" Atọpinpin gbé báàgì ìrìn àjò sí i lẹ́sẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Èmi-ni fẹ́ lejú, ẹ̀rín gbé e lọ. Àmọ́ ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Jẹ́jẹ́ ṣí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí nínú áàpù náà, tó sì ń forí lé ibi tí kò yẹ. Èmi-ni jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó húkọ́.

"Ẹni tó wà lájò kì í húkọ́ níbí!" ni Atọpinpin pariwo.

Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. "Ká sòótọ́," ló wí, "ibí yìí ò yé mi. Kò tiẹ̀ yé mi rí láyé mi."

Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni gba ẹ̀bùn. "Kò yé èmi náà!" ni Atọpinpin fi tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ nìyẹn, ara tu wọ́n bí ẹni bọ́ bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè wá ń rọ̀ bí òjò. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é báyìí?" Arìnrìn-àjò ń dáhùn látorí àga, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Nígbà tí wọ́n dé ibì kan, òun fúnra rẹ̀ wò ó, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó họrí. "Kò yé mi mọ́," ló wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyá Ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ Èmi-ni, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ inú àpótí tábìlì tirẹ̀. "Máa lọ," ló sọ fún un.

Ìlà iwájú ni Èmi-ni jókòó sí nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ọmọ rẹ̀ yọjú lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó rí i, ó fara pa mọ́, ó tún yọjú láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Inú bàbá dùn dénú. Àmọ́ kò yéé tọwọ́ bọ àpò tó ṣófo. Ṣé áàpù ti jáde? Ṣé kò tíì dojú dé?

Òṣùpá jáde. Wọ́n fi páálí rìbìtì ṣe é, ojú ọmọ náà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Bó ṣe la ẹnu báyìí ni iná lọ, gbogbo gbọ̀ngàn ṣókùnkùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa iná níbí?" ni olùkọ́ kígbe.

Ìdí Èmi-ni ti kúrò lórí àga kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó la ẹnu. "È..."

"Dádì, ẹ jókòó!"

Òṣùpá ló sọ̀rọ̀ látinú òkùnkùn yẹn. Ẹ̀rín sọ. Èmi-ni jókòó, ó sì jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ìyá tó wà lẹ́bàá fèrèsé fa kọ́tìnì wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan, oòrùn ọ̀sán rọ́ wọlé, ó bá Òṣùpá níbi tó dúró sí. Ọmọ náà tàn yanran! Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń sunkún láìtijú. Ká ní ó lọ tún iná ṣe ni, ẹ̀yìn ògiri ni ì bá wà di báyìí.

Lẹ́yìn eré, ó mú ọmọ náà dání lọ sí ọ́fíìsì, pẹ̀lú páálí lọ́rùn. Wọ́n gbọ́ ariwo láti orí àtẹ̀gùn, Èmi-ni fa ọmọ náà sáré gòkè. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Ijó ni wọ́n ń jó! Àpótí tábìlì Ìyá Ìbejì sì wà nílẹ̀, ó ti fọ́ yángá.

Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dà tuntun jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bí àpótí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Wọn ò kà á sí. Ó gbọ̀n títí bírò fi já bọ́ látorí tábìlì. Atọpinpin ló kọ́kọ́ fura. Èmi-ni ti ṣètò rẹ̀ látijọ́ pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́, fóònù òun nìkan ni kí ẹ̀rọ pè. Ẹ̀rọ ń ké gbà mí-gbà mí nínú àpótí tí wọ́n tì pa! Ìyá Ìbejì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú àlejò. Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́ yìí náà o, ló gbé àga la àpótí. Àmì pupa gbogbo bọ́ọ̀sì ló ti dúró gbagidi. Ibi tí arìnrìn-àjò ti là yé wọn ni àṣìṣe náà wà, wọ́n sì tún un ṣe kí àwọn òbí tó fara ya. Wọ́n tún ṣe é kí ẹ̀rọ máa pe gbogbo wọn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

"Ta ló wá tún un ṣe?" ni Òṣùpá béèrè.

"Àwa ni!"

Ó dun Èmi-ni díẹ̀, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ fún, ọrùn rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe é bákan. Lẹ́yìn náà ni ìdùnnú dé, tó bá wọn jó títí ṣẹ́ẹ̀tì fi yọ lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Àpótí mi ńkọ́?" ni Ìyá Ìbejì béèrè. "Ta ló máa bá mi tún un ṣe?"

Gbogbo ojú yí sí Èmi-ni. Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà, ó ń súfèé.

Lórí àtẹ̀gùn, bí wọ́n ṣe ń fẹ̀gbẹ́ gbé páálí sọ̀kalẹ̀, ọmọ náà dì í lọ́wọ́ mú. "Dádì, Oòrùn ni màá ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló máa jókòó síwájú?"

"Èmi ni," ni bàbá rẹ̀ wí.