Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Sùn

Ká má parọ́, kò sí àlejò tó mọ̀wàá hù bíi Màmá Nọ́ọ̀sì ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé àdúrà orí òkè máa ń sùn sí àwọn ilé àlejò kéékèèké tó wà lẹ́bàá ọ̀nà: yàrá kan, èèyàn méjìlá, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì tó ń ké tí èèyàn bá kàn yíra padà. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí oríṣiríṣi ìwà. Ẹlòmíì á máa tú náílọ́ọ̀nù kiri ní ìdájí bí ẹni pé èkúté ló wọlé. Màmá Nọ́ọ̀sì kọ́! Ìrọ̀lẹ́ ló ti ń di ẹrù tirẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń gbé bàtà jáde. Ọdún márùndínlógójì ló fi tọ́jú aláìsàn kó tó fẹ̀yìn tì, lójú tirẹ̀, kò sóhun tó burú tó kéèyàn da oorun ẹni tó rẹ̀ rú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò fi mọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo yàrá ló ń ṣòfin fún.

Ìdájí ọjọ́ kejì ni aago Bàbá Oníbàtà dún. Aago àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ó sì dún bíi pé ilé ń jó. Gbogbo yàrá ta gìrì.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?" Màmá Nọ́ọ̀sì ti dìde dúró. "Àárín àwọn tó rẹ̀ lẹ gbé irú nǹkan báyìí wá?"

Bàbá Oníbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Láti kékeré ló ti ń rán bàtà, òòlù ti sọ etí rẹ̀ kan di òkú. "Ẹ má bínú, màmá. Tí mo bá ti sùn báyìí, mo ti lọ nìyẹn."

"Ẹ gbé aago yẹn sí ìsàlẹ̀ àpò. Èmi fúnra mi ni màá máa jí yín."

Ó sì ń jí i lóòótọ́. Fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, á rọra fọwọ́ tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe fáwọn aláìsàn rẹ̀, bàbá á sì lajú láìpariwo. Báyìí ni wọ́n di ọ̀rẹ́, bàbá sì sọ ohun tó ń gbé e lọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló fẹ́ lọ bá. Ọdún méjìlélógún nìyí tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn ni, oorun gbé bàbá lọ, ọkọ̀ àárọ̀ fi í sílẹ̀ lọ, kó tó débẹ̀ wọ́n ti bo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbà láé pé oorun ni. Àbúrò wọn obìnrin ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà pé òun á wá sí ẹnu géètì ilé àdúrà lọ́jọ́ kẹsàn-án ìrìn náà, òun á dúró di aago méjìlá ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn máa wá," bàbá wí. "Tí mi ò bá sí níbẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ mi sí àwọn mọ́." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án máa fi mọ́, bàbá ò tíì sùn rárá. Ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún. Ìgbà tí màmá dìde ni oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbé, ó lanu sílẹ̀ bí ọmọdé. Màmá na ọwọ́ sí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tún fa ọwọ́ padà. Àánú ló ṣe é.

Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ìrìn wákàtí mẹ́rin péré ló kù, wọ́n sì yára jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀ sí i. Oòrùn máa tó wọlé, á jí wọn."

Ó gbé bàtà rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sójú bàbá. Ọwọ́ tó ti ń tọ́jú aláìsàn látọjọ́ pípẹ́ kò bi í léèrè kó tó fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Ó jáde.

Ó ti rìn tó wákàtí kan kí Tíṣà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ sùn ní yàrá náà, tó lé e bá.

"Màmá, inú yín á dùn sí wa! Gbogbo wa la gbé bàtà lọ́wọ́ jáde. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Bàbá Oníbàtà ò tiẹ̀ mira."

Kọ́tìnì! Ó dúró, ó wẹ̀yìn. Wákàtí kan gbáko ni kó tó padà débẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti ń ta á. Ó ní olùtọ́jú ilé máa wá gbálẹ̀, á rí i. Ó ní bàbá á ti jí. Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀, ó sì mọ̀. Ó yẹ kó padà! Ẹ gbọ́ mi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló máa rákò, ó yẹ kó padà. Kò padà.

Ní ẹnu géètì, ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sọ́nà. Iwájú orí rẹ̀ jọ ti Bàbá Oníbàtà gan-an.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ṣé àbúrò yín tó ń rán bàtà lẹ ń dúró dè?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"A jọ rìn ni. Wọ́n ń bọ̀."

Ojú ọkùnrin náà tú ká. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. "Òun ló rán bàtà yìí. Mi ò yéé wọ̀ ọ́. Òun ni mo bá jà, mi ò bá bàtà jà." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Aago mọ́kànlá lọ. Nígbà tí méjìlá kù díẹ̀, màmá ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù. Èmi ni mi ò jí wọn. Oorun..."

"Oorun?" Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Oorun nígbà yẹn, oorun lónìí. Òun ló rán yín, àbí?"

"Rárá o! Mo ṣèlérí pé màá jí wọn ni, mo wá rí i tí wọ́n ń sùn dáadáa, mo bá fi wọ́n sílẹ̀."

"Àgbà bíi tiyín? Ta ló máa ṣerú ẹ̀?"

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ tó gbé ọkùnrin náà wá fọn fèrè pé méjìlá ti lù. Ọkùnrin náà dìde, ó rìn dé ẹnu ọkọ̀, ó dúró díẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé mo wá."

Ó ti tó wákàtí kan tí ọkọ̀ lọ kí Bàbá Oníbàtà tó dé. Sáré ló ń sáré, okùn bàtà rẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀.

"Ṣé wọ́n wá?"

"Wọ́n wá." Màmá Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. "Wọ́n ti lọ. Ẹ̀bi mi ni. Àánú yín ló ṣe mí. Mo tún fa kọ́tìnì kí oòrùn má bàa dà yín láàmú. Ẹ foríjì mí."

Bàbá ò bú u. Ì bá kúkú bú u. Ó jókòó síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde kúrò, ó so okùn bàtà rẹ̀.

"Bàtà wo ni wọ́n wọ̀?"

"Èyí tẹ́ ẹ rán fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀yin làwọn bá jà, àwọn ò bá bàtà jà."

Bàbá mi orí, ó mi orí. "Gìgísẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ti òsì ti jẹ tán."

"Mo mọ̀. Wọ́n máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì." Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú òòlù kékeré kan jáde, àti gìgísẹ̀ bàtà tuntun méjì. "Mo ní tá a bá ti jókòó, màá kàn bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀."

Ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó tún tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, ó yọ aago rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má bínú, màmá," ó ní. "Láti òní lọ, èyí ni yóò máa jí mi."