Ọmọ Inú Ọ̀rá

Akunlé ni tọkọtaya náà. Ọkọ a máa gun àkàbà, ìyàwó a máa po ọ̀dà, a sì máa kun ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Oyún àkọ́kọ́ wọn kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń kun pálọ̀ oníbàárà kan, tí ìyàwó rí omi nílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé garawa ló jò. Ìgbà tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló tó mọ ibi tí omi ti wá.

"Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Bó ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. "Omi ọmọ ti dà."

Dókítà tó gbà wọ́n nílé ìwòsàn, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ní kò sí bí àwọn ṣe lè dá ọmọ náà dúró mọ́. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, àwọn á sa ipá àwọn, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣèlérí ohun tí apá òun ò ká.

Ìrọbí náà kò pẹ́. Obìnrin ni ọmọ náà. Kò ké. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí títí, ìró bàtà àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló ń gbọ́. Nígbà tó gbórí sókè, ó rí i tí nọ́ọ̀sì àgbà ń ki ọmọ náà bọ inú ọ̀rá, irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di nǹkan lọ́jà.

Ó ti gbọ́ rí pé oyún tó bá wálẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń wé e, tí wọ́n á gbé e jáde, tí ẹnikẹ́ni ò ní bá ìyá sọ ọ́ mọ́. Ó na ọwọ́, ó di aṣọ nọ́ọ̀sì mú. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ já aṣọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́.

"Ẹ má tíì gbé e lọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n rí ojú ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ó wà láàyè, ìyá ọmọ. Òtútù ló máa ń tètè pa irú wọn. Ọ̀rá yìí ni aṣọ ẹ̀ báyìí. Fi mí sílẹ̀ kí n máa gbé e lọ."

Ó fi í sílẹ̀. Ó máa ń sọ títí dòní pé nínú gbogbo ìrora ọjọ́ náà, títú ọwọ́ yẹn ló le jù.

Wọ́n gbé ọmọ sínú àpótí gíláàsì tó ń mú ooru, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín sí i lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Ìyá ọkọ pè lórí fóònù, ó bẹ ìyàwó pé kó má lọ wo ọmọ náà. Ó ní òun náà ti bí irú ẹ̀ rí, òun wò ó, ó kú, ojú ọmọ náà kò sì kúrò lójú òun láti ọjọ́ náà. Ìyàwó kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kí ọkọ òun ti òun lọ lórí àga onítáyà.

Awọ ọmọ náà fẹ́lẹ́ débi pé iṣan hàn lábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tíì là.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àyà ọmọ ṣàdédé dúró, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ ẹlòmíì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

"Ti ọwọ́ bọ inú àpótí," nọ́ọ̀sì ní. "Fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀."

Ìyá ra á. Kò sí nǹkan kan. Ètè ọmọ ti ń dúdú. Ọkọ kọjú sí ògiri. Ìyá tún ra á, ó ra á gidi, ẹsẹ̀ kékeré náà sì fà sẹ́yìn bíi ti ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu. Àyà gbéra.

Nọ́ọ̀sì dé, ó ní irú wọn máa ń gbàgbé láti mí, àfi kí èèyàn rán wọn létí.

"Ìgbàgbé yẹn, ìyá ẹ̀ ló fi jọ," ni ọkọ wí, tòun ti omi lójú. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí wọ́n rín níbẹ̀ nìyẹn.

Oṣù tó yẹ kí wọ́n bí i gan-an ni wọ́n gbé e relé. Ìyá ọkọ, tí kò yọjú sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, ti ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fọ ọwọ́ títí, ó gbà á, ó wò ó lójú, kò gbé ojú kúrò.

"Ó wúwo," ó ní.

Kò sẹ́ni tó já a nírọ́.